Káàtì Tí Màmá Mi Fi Gé Aṣọ

Tí bàbá mi bá lọ síbi òkú, ìbéèrè kan ló máa ń tẹ́tí sí níbẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Ní tiwa ní Tchaourou, lórílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, àfáà á dúró síwájú ilé, á ní: "Ẹni tí olóògbé yìí bá jẹ ní gbèsè, tàbí ẹni tó fi nǹkan síkàwọ́ rẹ̀ tí kò tíì gbà á padà, kó sọ̀rọ̀ ká gbọ́." Gbogbo èèyàn á pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ tí ojú sì ń tì á, ikọ́ ló máa kọ́kọ́ wú, orí gbogbo èèyàn á sì yí sí i. Bàbá mi á délé, á bọ́ fìlà rẹ̀, á jókòó. Bí a bá bi í pé báwo ni ìsìnkú ṣe lọ sí, á ní: "Wọ́n wúkọ́." Tàbí kó ní: "Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́. Ọkùnrin náà lọ ire." Kò ní fi nǹkan míì kún un.

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ohun tí bàbá mi ń tọrọ láyé kò ju ìyẹn lọ: pé lọ́jọ́ tirẹ̀, kí wọ́n bèèrè, kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́.

Ìdí nìyẹn tí agolo gígùn kan tó wà lókè àjà ilé wa fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró ní gáà wa, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú irin, bàbá mi ní yàrá mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tó ń gba àwọn èrò ọkọ̀ sí. Òyìnbó kan wá dé sí ọ̀kan nínú wọn. Òkúta ló ń wò kiri. Á lọ sí Goro, á lọ sí Kika, á fi òòlù kékeré lu òkúta, á gbé e sókè sí oòrùn, á tún pọ́n ọn lá. Àwọn ará oko ní ó ń wá góòlù, bàbá mi ní iyọ̀ ló ń wá, nítorí ẹnikẹ́ni kì í pọ́n góòlù lá. Nígbà tó yá, ibà dá a dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kutọnu. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti na agolo náà sí bàbá mi. Ó ní: "Bá mi pa á mọ́. Màá padà wá gbà á."

Bàbá mi pa á mọ́. Kò ṣí i. Àmánà ni, ohun tí èèyàn fi síkàwọ́ ẹni, a kì í sì í yọjú wo inú àmánà. Ó fi okùn so ó mọ́ igi àjà. Òyìnbó ò padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò wá mọ́, koríko hù láàárín irin, àwọn ewúrẹ́ wá sọ gáà di yàrá wọn. Agolo ṣì wà lókè. Lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá mi á gun àpótí, á fi àkísà nu eruku ara rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀.

Màmá mi ń ránṣọ. Iwájú ilé yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bàbá mi ò sì wọ ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ní ibi tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ aṣọ lára, kí lòun fẹ́ wá débẹ̀. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn ni a máa ń fi ìṣó kọ́ pátírọ̀n sí, ìyẹn bébà tí a gé bí apá aṣọ, bí àyà, bí ẹ̀yìn, tí a máa ń tẹ́ sórí aṣọ kí a tó ti sáàsì, ìyẹn àlùmọ́gàjí, bọ̀ ọ́. Bébà sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a ń pè ní pátírọ̀n òyìnbó. Àwọn yẹn nípọn, aṣọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn, wọn kì í ya, wọn kì í ká. Ìlà sì kún ojú wọn.

Èmi ni ọmọ rẹ̀, èmi náà sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà bó ṣe kọ́ gbogbo àwọn tó kù ló kọ́ mi. Á fi ìka tẹ ìlà dúdú kan tí wọ́n fi ìlà wẹ́wẹ́ dábùú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á ní: "Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà nìyí. Òyìnbó ti rán an fún ọ lójú bébà kí o má baà ṣìnà." Á fi hàn mí ibi tí wọ́n ya igi kékeré méjì tó dábùú ara wọn sí: "Sáàsì nìyí. Ibi tí o bá ti rí i, gé e." Àwọn ìlà tó yí po, tí ọ̀kan wà nínú ọ̀kan, ó ní ìwọ̀n ara ni: èyí tó wà nínú pátápátá ni ti ọmọdé, èyí tó wà lóde ni ti ìyá ọlọ́mọ púpọ̀. Ibì kan wà tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ yí po ní ìsọ̀rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ló fi ṣe àyà. Ọ̀kan nínú méjèèjì sì pọ̀ ju èkejì lọ. Màmá mi ní òyìnbó tó ya èyí mọ aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dájú pé kò tíì gbéyàwó.

A gbà á gbọ́. Kí ló dé tí a ò ní gbà á gbọ́? Aṣọ tí màmá mi gé máa ń gún régé, àwọn obìnrin ń ti Parakou wá rán an. Aṣọ tó bá gún, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ibi tó ti wá.

Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá gba òmìnira, tí a bá ti se oúnjẹ, tí àfáà ti ṣàdúrà, màmá mi á yọ ọ̀kan nínú pátírọ̀n òyìnbó lára ìṣó, á gbé e lé ọmọ náà lórí níwájú gbogbo èèyàn, á ní: "Lọ. Ọwọ́ rẹ ò ní kọ́," ìyẹn ni pé iṣẹ́ ò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ìyá bá gbé léni lórí lọ́jọ́ yẹn kì í padà sílé ìyá. Bó bá padà, àwọn èèyàn á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe tú ká, ọ̀kan sí Goro, ọ̀kan sí Sanson, ọ̀kan sí Kika. Èyí tí ó ní àyà nìkan ló kù fún mi nígbà tí màmá mi kú, òun àti sáàsì rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi ò gbé e dé mọ́ṣáláṣí mọ́, ó pè mí jókòó. Ó ní ohun kan ló kù lọ́rùn òun, agolo yẹn ni, òun ò sì fẹ́ gbé e dé ọ̀run. Orúkọ òyìnbó náà wà lójú ìdérí. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi obìnrin tó wà ní Parakou, òun ló wá a kiri lórí tẹlifóònù títí tó fi rí ọmọ tí òyìnbó náà bí. Obìnrin ni. Ó fi Faransé fọhùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní bàbá òun ti kú tipẹ́. Ó ní títí tó fi kú ló ń sọ̀rọ̀ agolo yẹn, pé òun fi sọ́wọ́ ọkùnrin kan nídìí irin ní Benin. Káàtì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn bébà tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí, káàtì ilẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n yà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó fi òkè hàn, tó fi ojú irin hàn, tó fi ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù àti fàdákà hàn. Baba ńlá òun wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà kí wọ́n tó yà á. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á fúnra òun.

Ojú bàbá mi tàn. Ó ní kí n sọ agolo kalẹ̀ ká wò ó bóyá kòkòrò ò tíì wọ̀ ọ́, kí àlejò má bá a ní ìdọ̀tí. Èmi ni mo ṣí i. Bébà sìmẹ́ǹtì ló jáde.

Pátírọ̀n ni. Bùbá, apá bùbá, ọrùn. Mo mọ ọwọ́ tó gé e, nítorí ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi ní gígé. Bàbá mi ń wò ó, ó ń wò mí. "Kí nìyí?" Obìnrin yẹn ti fi fọ́tò ẹ̀dà káàtì kan náà ránṣẹ́ sí wa kí á lè mọ bó ṣe rí. Mo ṣí i lórí tẹlifóònù, mo sì rí ìlà dúdú tí wọ́n fi ìlà wẹ́wẹ́ dábùú. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo já àyà aṣọ kúrò lára ìṣó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ojú irin ni ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Òkè méjì ni àyà. Igi méjì tó dábùú ara wọn kì í ṣe sáàsì, irin ìwalẹ̀ ni, ó ń fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa góòlù. Gbogbo ibi tí wọ́n ti wa góòlù láyé ọjọ́un ni màmá mi gé sí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ọdún tí òjò ba òrùlé wa jẹ́ ni, nígbà tí òun wà lọ́nà oko òwò. Ó ní wọ́n ti sọ agolo kalẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́, òun sì bá a lórí àjà padà, òun ò bèèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló ní: "Mo ti jẹ àmánà."

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, Bàbá."

"Ta ni wọ́n fi sọ́wọ́? Ṣé ìyá rẹ ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò wọlé fún un mọ́. Á bu òkèlè kan, á fi sílẹ̀. Inú bí mi. Inú bí mi sí màmá mi, ó sì tún bí mi sí gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú, nítorí mo mọ ohun tó ṣe. Ó rò pé òyìnbó náà fi pátírọ̀n sílẹ̀ ni. Ó lò ó, ó sì fi èyí tó dára jù nínú tirẹ̀ sí ipò rẹ̀, kí ẹni náà lè rí nǹkan mú lọ bó bá dé. Olè kì í fi nǹkan dípò. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó ní òun gbọ́, ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Tchaourou mọ̀ pé olórí kunkun ni mí. Mo dìde, mo ní: "Bàbá, mo máa kó o jọ." Ó ní káàtì tí wọ́n ti gé, kí ni mo fẹ́ kó jọ níbẹ̀. Mo ní ohun tí wọ́n bá gé, wọ́n lè rán an.

Ti Goro ò le. Ẹni tó gba òmìnira lọ síbẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kajú ló ń tà. Abẹ́ ẹní ló ti fa apá aṣọ tirẹ̀ yọ, ó ní iṣẹ́ wo ló tún kù tó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, ó sì bu kajú fún mi. Ní Sanson, ẹni tí mo wá lọ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù. Wọ́n ti fi ti ìyá wọn, ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì, dí fèrèsé nítorí eruku. Oòrùn ti pa á láwọ̀, ewúrẹ́ sì ti jẹ igun rẹ̀ kan. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́.

Kika ló kù. Ẹni tó wà ní Kika ni àkọ́kọ́ ọmọ iṣẹ́ màmá mi, òun ló pọ̀n mí dàgbà. Òun náà ló gba ẹ̀yìn aṣọ, èyí tó tóbi jù, tí ojú irin gùn jù nínú rẹ̀. Mo bá a nídìí maṣíìnì. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ oníbàárà ga bí òkìtì ọ̀gán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò dá maṣíìnì dúró.

Ó ní: "Mo ti gbọ́. O dé Goro, o dé Sanson. Mo ní kí o máa bọ̀, wàá bá mi níbí."

Mo ro ẹjọ́ fún un láti orí dé ìdí. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti òkèlè kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rọ̀.

"Àbúrò mi, ohun tí Ìyá gbé lé mi lórí, o fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbé e sọ̀ kalẹ̀? Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí wọ́n ń wò mí yìí? Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní ọwọ́ mi ti kọ́?"

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ya òmíì fún yín lórí bébà. Kò ní fi nǹkan kan yàtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tó o yà ni Ìyá á gbé lé mi lórí?"

Mi ò lọ. Mo fa àpótí, mo mú abẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká etí aṣọ. A jọ jẹun. A sọ̀rọ̀ màmá mi, a rẹ́rìn-ín sí òyìnbó tí kò tíì gbéyàwó. Oòrùn rẹlẹ̀, mo tún bèèrè. Ó ní rárá, bó ṣe sọ ọ́ láàárọ̀ náà ló ṣe tún un sọ. Mo gun zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, padà, eruku pupa wọ̀ mí lójú. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé obìnrin náà ò jẹ̀bi. Ká ní èmi ni, èmi náà ò ní fi sílẹ̀.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí mo tún fi wà lójú ọ̀nà Kika. Sáàsì màmá mi ni mo mú dání lọ́tẹ̀ yìí. Sáàsì dúdú ni, ó wúwo, màmá mi ti fi aṣọ pẹlẹbẹ wé ibi tí àtàǹpàkò ń wọ̀, aṣọ náà sì ti gba òógùn ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi le bí awọ. Mi ò fi yá ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ mi gan-an ò gbọ́dọ̀ fi gé bébà. Bí mo bá fi ìka sínú rẹ̀, ibi tí ìka màmá mi ti jẹ ẹ́ gbẹ̀jẹ̀gbẹ̀jẹ̀ ni ìka mi máa ń wọ̀ sí.

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wá gba òmìnira yín. Mo wá fún yín ní òmíì."

Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó dá maṣíìnì dúró. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dìde. Ó ní kí wọ́n lọ pe ará ilé ẹ̀gbẹ́ wá, kí ojú pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ní kó dìde, ó ní: "Ta ni mò ń kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìwọ ni? Ìyá ni." Mo gbé sáàsì náà lé e lórí. Mo ní: "Ẹ lọ. Ọwọ́ yín ò ní kọ́." Mo tún un sọ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó wọlé, ó gbé ẹ̀yìn aṣọ náà jáde, ó ti fi aṣọ mímọ́ wé e. Mo sunkún láti Kika wálé. Awakọ̀ zémíjàn bi mí léèrè pé ta ló kú. Mo ní kó wojú ọ̀nà.

Mo tẹ́ ẹní sí yàrá bàbá mi, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àyà, ẹ̀yìn, apá, ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò orí tẹlifóònù ni mo ń wò tí mo fi ń mọ èyí tó fẹ́gbẹ̀ẹ́ kan èyí. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀, kò wo ibẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Kò lè gba ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣẹ́ kọ́nà báyẹn." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti apá aṣọ sí ọ̀tún. Ó bọ́ sí i. Láti ìgbà náà, òun ló ń darí mi. Ó bèèrè ibi tí gáà wọn wà. Ó ní òkè wọn pọ̀, àwọn tó la irin yẹn jìyà.

Mo ra aṣọ funfun kan tó le, mo rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò fi maṣíìnì ṣe é. Ibi tí màmá mi ti gé ojú irin sí méjì, mo fi abẹ́rẹ́ so ó padà. Láti kékeré ló ti ń sọ fún mi pé ibẹ̀ ni kí n rán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rán an. Ṣùgbọ́n ihò wà. Ihò ọrùn wà láàárín gbùngbùn, ti abíyá wà lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí àwọn ìgékù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni a máa ń gbá wọn sí. Mo ní kí n ya ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti inú fọ́tò, kí n fi dí i. Bàbá mi ní: "Má ya ohun tí kò sí. Jẹ́ kó rí ihò náà."

Obìnrin náà dé. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ funfun, ó ga, ó tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kó tó wá, nítorí náà ó wo káàtì náà, ó rí àyà, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí bàbá mi, ó fi Faransé sọ pé kí bàbá má dààmú ara rẹ̀ rárá, kì í ṣe nǹkan kan, ìwé àtijọ́ lásán ni, ẹ̀dà rẹ̀ wà káàkiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí káàtì náà máa wà lọ́dọ̀ wa.

Bàbá mi gbọ́ Faransé ìdí irin. Kò dúró de ògbufọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Ó fi Nàgó, èdè wa, sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́: "Bí kì í bá ṣe nǹkan kan, kí ni mo ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo fa obìnrin náà lọ́wọ́ jáde síta. Kò bá ọ̀wọ̀ àlejò mu, mo mọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti sọ fún un pé: "Màdáàmù, inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ pa bàbá mi. Ẹ má sọ pé kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ wọlé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó wá gba ẹrù rẹ̀. Ohun tí ò bá sí níbẹ̀, ẹ bèèrè rẹ̀. Kí ẹ wá gbà á, kí ẹ mú un lọ." Ó ní òun gbọ́.

Ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní níwájú bàbá mi, ó fi ìka tọ ojú irin náà láti igun kan dé ìkejì. Ó dé ihò àárín. Ó bi bàbá mi pé kí ló wà níbẹ̀.

Bàbá mi ní: "Ibẹ̀ ni wọ́n gé ọrùn sí."

"Níhìn-ín ńkọ́?"

"Apá."

"Igun yìí ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò ní kò burú. Ó ń mi orí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, bàbá mi gbé e sókè fúnra rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Mo gbà á ní pípé, mo dá a padà ní àjákù. Ṣé o yọ̀ǹda fún mi?" Mo sọ ọ́. Obìnrin náà bi mí báwo ni wọ́n ṣe ń dáhùn ní èdè bàbá. Mo kọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì sọ ọ́, ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀: "Mo gbà á. Mo yọ̀ǹda."

Bàbá mi ní kí wọ́n mú bébà sìmẹ́ǹtì náà wá. Ó ní ìyàwó òun ló fi í sílẹ̀ fún wọn, ti wọn ni. Obìnrin náà ká a pọ̀ mọ́ káàtì, ó fi méjèèjì sínú agolo. Kò tíì kúrò lágbàlá tí bàbá mi fi bi mí bóyá iyán wà nílé.

Inú ọyẹ́ ni bàbá mi kú. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ikọ́ ń ṣe gbogbo ìlú, èmi gan-an ti ń wúkọ́ tí igbáàyà mi ń dùn mí. Wọ́n gbé e síwájú ilé, àwọn ọkùnrin tò, àwa obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà. Àfáà yíjú sí wa, ó ní: "Ẹni tí olóògbé yìí bá jẹ ní gbèsè, tàbí ẹni tó fi nǹkan síkàwọ́ rẹ̀ tí kò tíì gbà á padà, kó sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Gbogbo èèyàn pa lọ́lọ́. Ìgbà náà gan-an ni ikọ́ gbé mi. Mo ki ìborùn mi bọ ẹnu, mo há a mọ́yín. Àyà mi ń fò sókè sódò, omi ń dà lójú mi, èémí fẹ́ẹ̀ tán nínú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ará Kika, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rò pé ẹkún ni, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bó ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹkún náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo há a mọ́yín títí àfáà fi kọjú síwájú, tí wọ́n fi kírun tán, tí wọ́n fi gbé bàbá mi, tí wọ́n fi gbé e kọjá gáà, tí wọ́n fi ré ojú irin kọjá sí òdìkejì.

Ìgbà yẹn ni mo tó wúkọ́.